Ẹ̀yìn Ilé Ni Àtúnṣe Balùwẹ̀ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí ọ̀pọ̀ onílé bá fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ. Wọ́n á yan táìsì ní Òrílé-Coker, wọ́n á ná ṣáwà, wọ́n á ná béésìn ìfọwọ́, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Bíríkìlà á dé, á fọwọ́ kan ògiri tó kọjú síta, á rí i pé ó tutù, pé pẹ́ńtì ti ń ṣí lára rẹ̀, pé iyọ̀ funfun ti ń hù jáde nísàlẹ̀. Ohun tó sì máa ń sọ kò ṣòro mọ̀: “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Táìsì la máa fi bò ó, ẹ ò ní rí i mọ́.” Òótọ́ ló sọ. Màmá ò ní rí i mọ́, fún ìgbà díẹ̀. Tó bá yá, táìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbùngbùn bí èèyàn bá kàn án, sìmẹ́ńtì funfun àárín wọn á dúdú, pẹ́ńtì ìta á sì tún máa ṣí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ògiri kì í ṣàdédé tutù. Ibì kan ni omi rẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ dí kí a tó fọwọ́ kan inú. Ìdí nìyí tí àtúnṣe tó bá máa tọ́jọ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé, níbi tí òjò ti ń lu ògiri, tí ilẹ̀ ti pàdé ìpìlẹ̀, tí páìpù omi ìwẹ̀ sì ti yọrí síta. Táìsì ló máa ń gbẹ̀yìn.

Àwọn baba wa ò bá ògiri ja irú ìjà yìí. Ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ wọn máa ń wà, ọgbà kékeré tí kò lórùlé; omi ìwẹ̀ á gba ojú ihò lọ, oòrùn á sì gbẹ ohun tó bá ṣẹ́ kù. Ilé gbígbé gan-an, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé omi ni ọ̀tá amọ̀, ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa kọjá ògiri. Nígbà tí sìmẹ́ńtì wá pọ̀ lóde, pàápàá lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, tí omi ẹ̀rọ náà sì ń dé ilé sí ilé, balùwẹ̀ wọlé tọ̀ wá wá. Ó kó gbogbo omi rẹ̀ dání. Etí òrùlé ní tirẹ̀ ń kúrú sí i, títí a fi dé orí àwọn ilé òde òní tí wọ́n ń fi párápẹ́ẹ̀tì bo òrùlé mọ́lẹ̀, tí ògiri fi dúró lásán síwájú òjò.

Ọ̀nà mẹ́rin tí omi ń gbà

Àkọ́kọ́ ni omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kún fún ihò tóótòòtó tí ojú ò lè rí, wọ́n sì ń fa omi sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ohun tó yẹ kó dá a dúró ni DPC, ìyẹn ibi tí kọnkéré ilẹ̀ ilé, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní German floor, ti pàdé ògiri. Ó yẹ kí ọ̀rá tó nípọn wà lábẹ́ kọnkéré náà. Bí ọ̀rá ò bá sí níbẹ̀, tàbí tó ya nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré, ọ̀nà ti ṣí. Omi ilẹ̀ kì í sábà gòkè ju nǹkan bíi mítà 1 lọ, nítorí náà ìlà ló máa ń fà gba gbogbo ẹsẹ̀ ògiri kọjá. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ń bá a gòkè. Bí omi bá fẹ́ lọ, iyọ̀ á kù sára ògiri, á máa ti pẹ́ńtì àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ jáde. Ní Lẹ́kí àti Àjàh, níbi tí wọ́n ti da iyanrìn dí irà tí omi ò sì jìnnà sójú ilẹ̀, ìyà yìí pọ̀ ju ti orí òkè Ìbàdàn lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni DPC ò jẹ̀bi rárá. Onílé ló kó erùpẹ̀ jọ sẹ́yìn ilé tó gbin òdòdó sí i, tàbí tó ń da kọnkéré lé kọnkéré lágbàlá, títí ilẹ̀ ìta fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Omi ti ráyè fo DPC dá nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni òjò, pàápàá èyí tí atẹ́gùn ń gbá mọ́ ògiri. Ibi tí ara ògiri bá ti sán, ibi tí páìpù gbà jáde tí wọn ò dí i dáadáa, ìsàlẹ̀ fèrèsé tí kò dà gẹ̀rẹ́ síta, orí párápẹ́ẹ̀tì tí wọn ò bò, gọ́tà kọnkéré tí ewé dí: ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Omi ní tirẹ̀ ò nílò ẹnu tó fẹ̀ tó ti aláǹgbá. Ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ ni pé inú búlọ́ọ̀kù wa ṣófo. Omi tó bá gba ojú tó sán lókè fèrèsé wọlé lè bọ́ sínú ihò búlọ́ọ̀kù, kó máa sọ̀ kalẹ̀ láti ìtò kan dé èkejì, kó tó wá yọ ní ẹsẹ̀ ògiri. Onílé á máa gbẹ́lẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ òkè ni ọ̀rọ̀ wà. Ògiri tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù íǹṣì 6 mọ láti fi dín owó kù máa ń tètè jẹ ìyà yìí ju ti íǹṣì 9 lọ. Òjò tó ń já bọ́ láti etí páànù náà a máa ta ẹrẹ̀ padà sára ògiri. Ibi tí ẹsẹ̀ ògiri bá ti pọ́n fún erùpẹ̀, tàbí tí ewédò ti hù sí i, omi kì í tètè kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni páìpù àti ilẹ̀ balùwẹ̀ fúnra rẹ̀. Páìpù tí wọ́n rì mọ́ ògiri, tí ojú ibi tí wọ́n so ó pọ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀, lè máa fún búlọ́ọ̀kù lómi fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó gbúròó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ: ibi tí páìpù ti pàdé kọnkéré ló máa ń kọ́kọ́ là. Àwọn èèyàn gbà pé táìsì ń dá omi dúró. Lóòótọ́, omi kì í ríbi gba ojú táìsì kọjá, àmọ́ ó ń gba sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín wọn. Ojoojúmọ́ tí a bá wẹ̀, omi díẹ̀ ń bá ibẹ̀ lọ, bí kò bá sì sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn táìsì tó máa dá a padà, ògiri á mu ún.

Ọ̀nà kẹrin ni ooru omi gbígbóná. Ó ń fò lọ sókè, ó ń bá ibi tó tutù jù nínú yàrá pàdé, ibẹ̀ ló sì ti ń padà di omi. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí ju àwa tó wà nílé lọ. Púpọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ṣáájú 1900, bíríkì tó dì pọ̀ láìsí àlàfo láàárín ni ògiri ìta wọn. Nígbà òtútù, ògiri náà á tutù rinrin, ooru ìwẹ̀ á sì máa di omi sí i lára, títí kọ̀rọ̀ àjà àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù fi máa bu dúdú. Nílé níbí, fèrèsé lúfà ló ń gbà wá. Bí a tilẹ̀ pa á dé, afẹ́fẹ́ ṣì ń gba àárín gíláàsì rẹ̀. Lúfà yìí gan-an la máa ń kọ́kọ́ yọ dànù bí a bá ń tún balùwẹ̀ ṣe, tí a ó fi fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù tó ń dé pinpin rọ́pò rẹ̀.

Bí a ṣe ń wádìí ògiri

Ọ̀nà kan lè dá wà, méjì sì lè pa pọ̀. Ẹ wádìí kí ẹ tó gbé òòlù. Ìwádìí náà kì í náni lówó. Sùúrù ló gbà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà. Bí ògiri bá tutù nígbà òjò, tó wá ń gbẹ lákòókò ọyẹ́, láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí Ṣẹ́rẹ́, òjò tàbí omi ilẹ̀ ló ń dà á láàmú. Bó bá tutù bákan náà tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, tí àmì rẹ̀ sì dúró sójú kan ṣoṣo, ẹ fura sí páìpù. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀ omi gbígbóná ló ń làágùn, tó ń dúdú lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà, ooru ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn kan. Ẹ nu ojú ògiri gbẹ, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí ọ̀rá náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn pinpin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lójú ọ̀rá tó kọjú sí yín, inú afẹ́fẹ́ balùwẹ̀ ló ti wá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rá ló ti làágùn, láàárín òun àti ògiri, inú ògiri ni omi wà.

Ní ti páìpù, ẹ dúró di alẹ́ tí gbogbo ará ilé bá ti wẹ̀ tán. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé, títí kan èyí tó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí òun náà lè máa jò lábẹ́lẹ̀. Ẹ ki igi gbígbẹ bọ inú táǹkì títí kó fi kan ìsàlẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó tú omi láàárọ̀, ẹ tún kì í bọ inú rẹ̀. Bí omi bá ti fà, ó ń jò níbì kan. Ní ti ihò ilẹ̀, búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun ti tó: ẹ pò ó mọ́ omi garawa kan, ẹ dà á sójú ihò, kí ẹnì kan máa wo ẹsẹ̀ ògiri níta títí di ọjọ́ kejì. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ níbi tí kì í ṣe ẹnu páìpù, ẹ ti mú olè náà.

Ẹ ò sì ní láti dúró de òjò. Ẹ fi róbà tí ẹ fi ń fọ mọ́tò máa wọ́n omi sára ògiri ìta lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, kí ẹlòmíràn wà nínú balùwẹ̀ tí á máa ṣọ́ ọ. Láti ìsàlẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró pẹ́ díẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ òkè lẹ ti bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn bo gbogbo ògiri, ẹ ò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé.

Iṣẹ́ ìta

Ohun tí ìwádìí bá fi hàn ló máa sọ iṣẹ́ tó kàn, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilé ló nílò wọn. Ẹ wa erùpẹ̀ ẹ̀yìn ògiri náà kúrò títí ilẹ̀ ìta fi máa fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ sí DPC. Bó bá jẹ́ pé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ìta wọ inú ilẹ̀ lọ, ẹ gé e kúrò lókè DPC, torí ó ti di àtẹ̀gùn fún omi. Ẹ da kọnkéré sí ẹsẹ̀ ògiri, kó dà gẹ̀rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé, kó sì yọrí sí gọ́tà. Bí gọ́tà ò bá sí létí òrùlé, ẹ fi í sí i.

Ojú ibi tó sán, ẹ má kàn fi pẹ́ńtì kùn ún. Kí bíríkìlà fi ṣísẹ́ẹ̀lì là á fẹ̀ díẹ̀, kó gbá eruku inú rẹ̀ jáde, kó rin ín lómi, kó tó fi sìmẹ́ńtì dí i. Bó bá tún sán níbi kan náà láìpẹ́, ilé ń rì tàbí ń mì nìyẹn. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni, kì í ṣe ti bíríkìlà mọ́. Ilé tí kò ní DPC rárá náà ju iṣẹ́ àdábọwọ́ lọ. Wọ́n lè gé ẹsẹ̀ ògiri ní ìwọ̀nba, ní ìwọ̀nba, kí wọ́n ki èyí tó máa dí omi bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè fi ilé wó ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ inú

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣí ògiri, bí ọdún bá ti ń lọ sópin, kí ọyẹ́ lè bá yín gbẹ ẹ́. Ẹ pa iná mànàmáná balùwẹ̀ láti ibi mítà, pàápàá bí ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná bá wà lára ògiri náà. Kí ẹ sì dúró ti bíríkìlà nígbà tó bá ń ya táìsì, nítorí ẹ̀yìn táìsì ń sọ̀rọ̀. Èyí tó lẹ̀ dáadáa á fọ́ wẹ́wẹ́ kó tó gbà láti kúrò. Èyí tí omi ti ń gbé lẹ́yìn rẹ̀ á ṣí lódindi, á gbé sìmẹ́ńtì rẹ̀ dání, àmì ṣíbí á ṣì wà lára sìmẹ́ńtì náà, òórùn ilẹ̀ tútù á sì kọlu imú. Ẹ máa wo ibi tí búlọ́ọ̀kù ti dúdú jù lọ. Bó bá jẹ́ ìdí ṣáwà ni, tó ń mọ́ lọ bó ṣe ń jìnnà síbẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa pè: púlọ́ńbà ni.

Ibi tí àmì omi bá ga dé, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 30 kọjá rẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ gbígbẹ́ dúró. Iyọ̀ tó bá wà lójú búlọ́ọ̀kù, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí wọ́n fi gbá a kúrò. Bí wọ́n bá fi omi fọ̀ ọ́, á yọ́ padà sínú ògiri. Ibi tó bu dúdú, kí ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ bo imú, kó ṣí fèrèsé, kó má sì pa oògùn tó ń bó aṣọ pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé, torí èéfín olóró ló máa ti ara àwọn méjèèjì jáde.

Ibi tí sùúrù ti máa ń tán lára àwọn onílé la dé yìí. Ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ. Kò sí iye ọjọ́ kan pàtó tó bá gbogbo ilé mu. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, ó sì lè di oṣù. Ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù ni kí ẹ tún fi bi í, kí ẹ má ṣí iṣẹ́ yòókù títí ẹ̀yìn ọ̀rá náà fi máa gbẹ táútáú. Àsìkò yìí ni kí púlọ́ńbà pààrọ̀ páìpù, kó sì fi omi kún un kó sé e pa fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ògiri padà, sìmẹ́ńtì 1 sí iyanrìn 4 dára. Kí iyanrìn náà mọ́, kó má sì jẹ́ ti etí òkun, nítorí iyọ̀ ni yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi POP tẹ́ ara ògiri balùwẹ̀ tó kọjú síta. Ó ń rọ̀ bí ọ̀rinrin bá kàn án.

Ohun tó máa dá omi ìwẹ̀ padà ní tòótọ́ ló kàn, ìyẹn wọ́tàpúrúùfù, èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sára sìmẹ́ńtì kí táìsì tó gorí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kùn ún: ti àkọ́kọ́ lóròó, ti ìkejì níbùú, lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá ti gbẹ. Kọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìdí páìpù ló máa ń kọ́kọ́ là, nítorí náà kí wọ́n fi aṣọ àwọ̀n tẹ́ ibẹ̀ sáàárín ìkùn méjèèjì. Kí wọ́tàpúrúùfù náà bo gbogbo ilẹ̀, kó gun ẹsẹ̀ ògiri dé sẹ̀ǹtímítà 15 yí ká, àmọ́ níbi tí ṣáwà wà, kó ga tó mítà 2. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí ojú ihò, kí mítà 1 fi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 rẹlẹ̀.

Bí ó bá gbẹ, ẹ fi aṣọ àti ọ̀rá dí ojú ihò pinpin, ẹ bu omi sílẹ̀ balùwẹ̀ kó bo kókósẹ̀ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá fà, tàbí tí ìta tutù, tàbí tí àjà ìsàlẹ̀ ṣá bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n tún un ṣe. Àtúnṣe ọjọ́ yẹn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tún wá ya táìsì. Nígbà tí wọ́n bá wá ń lẹ táìsì, kí sìmẹ́ńtì tàbí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Àṣà kí a bu ṣíbí márùn-ún sẹ́yìn táìsì, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan láàárín, ń fi ihò sílẹ̀ tí omi máa ń dúró sí, òun náà ló sì ń mú un dún gbùngbùn.

Ohun kan ṣì kù lórí ìta. Bí ẹ bá ti fi wọ́tàpúrúùfù àti táìsì dí inú, ẹ má tún fi pẹ́ńtì olóròóró dí ìta ògiri náà. Ẹ lo pẹ́ńtì olómi tó jẹ́ kí ògiri mí, kí ọ̀rinrin tó bá ṣẹ́ kù lè rí ibi gbà jáde. Nínú, bí ẹ bá ti yọ lúfà, ẹ fi fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta sókè ògiri, tàbí kí ẹ fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀ lókè fèrèsé.

Bí ilé bá jẹ́ alámọ̀

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, irú èyí tó pọ̀ káàkiri àárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ní òfin tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Àwọn méjèèjì kì í fẹ̀ kí wọ́n sì sún bákan náà, nítorí náà sìmẹ́ńtì á là, omi á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì ní ríbi jáde. Amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ ìbòrí tó dà bíi pé ó dára. Bí ẹ bá kan irú ògiri bẹ́ẹ̀ tó sì dún bí ìgbá òfìfo káàkiri, ẹ má gbé balùwẹ̀ àti omi rẹ̀ tì í rárá. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ balùwẹ̀ sẹ́yìn ilé, kó ní ìpìlẹ̀ àti ògiri tirẹ̀.

Ní ti owó iṣẹ́, irú ilé yòówù kó jẹ́, ìpín mẹ́ta ló dára kí ẹ pín in sí, kí ẹ sì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé irin iṣẹ́. Àkọ́kọ́, bí iṣẹ́ ìta bá parí. Ìkejì, bí omi bá dúró sílẹ̀ balùwẹ̀ fún wákàtí 24 tí kò fà. Ìkẹta, kó di ẹ̀yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá lu ògiri náà, tí ẹ fọwọ́ kan inú tó gbẹ. Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ṣe ò ní bá yín jà lórí ìpín ìkẹta yẹn.